Kíkọ́ Ilé Ìkẹ́rùsí tí Ọ̀rinrin kò lè Wọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá sá kòkó gbẹ tán, tí ẹ sì dì í sínú àpò, iṣẹ́ kò tíì parí. Kòkó tí ó gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ kò ju 7% lọ. Bí ó bá ti ré 8% kọjá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu, kò sì sí oníṣòwò tí yóò san owó gidi lé e. Ti àgbàdo burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bíbu rẹ̀ lè bí oró tí a ń pè ní áfílátọ́síìnì. Oró yìí a máa ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, sísè kò sì lè mú un kúrò.

Níbo ni omi ń gbà wọ ilé tí òrùlé rẹ̀ kò jò? Láti inú ilẹ̀ ni. Bí òwú fìtílà ti í fa epo gòkè, bẹ́ẹ̀ gan-an ni bulọ́ọ̀kù àti kọnkéré ń fa omi. Kí a fi símẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ nìkan kò tó, ohun yòówù tí bíríkìlà ìbáà wí.

Ẹ dán ilé àtijọ́ wò báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sílẹ̀, kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níbùú lóòró. Ẹ fi nǹkan wúwo tẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ṣí i. Bí omi bá wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ni ó ti wá. Bí ó bá ṣe òkè rẹ̀ ni ó tutù, láti inú afẹ́fẹ́ ni.

Fún ilé titun, ẹ yan ibi gíga tí àgbàrá kì í gbà. Ẹ kó òkúta wẹẹrẹ sí abẹ́ ilẹ̀ ilé, nítorí àlàfo àárín wọn kì í jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gòkè. Ẹ fi yanrìn díẹ̀ bò ó, kí òkúta má baà lu ọ̀rá tí ẹ óò tẹ́ lé e, kí ẹ tó da kọnkéré. Ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ gba orí ìpìlẹ̀ kọjá lábẹ́ ògiri pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń ṣọ́ owó ná máa ń fò, ògiri a sì máa mu omi títí.

Páànù a máa tutù lóru; ọ̀rinrin inú ilé a di omi lára rẹ̀, a sì máa kán sórí àpò. Nítorí náà ẹ ṣe àjà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ to àpò sórí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ ṣí fèrèsé nígbà tí oòrùn bá mú tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Ẹ tì í kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀.