Orin Ta Là Ń Kọ?

Bíbélì kíkà: Jòhánù 10:1-5, 1 Kọ́ríńtì 15:33

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, èmi àti Bingo, ajá wa, gun òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ní Jos. Mo fi okùn sí i lọ́rùn kó má baà lé àwọn ẹyẹ. Bí a ṣe jókòó jẹ́ẹ́, orin bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ dúdú kan tó ń dán bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró ló bà sí ṣóńṣó orí igi, tó ń kọrin. Ṣùgbọ́n orin tó ń kọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Irú ẹyẹ yìí kì í tọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa kékeré kan tó ń gbé láàárín àpáta ló ń yé ẹyin sí. Ẹyẹ pupa ló ń sàba lé ẹyin náà, òun ló sì ń bọ́ ọmọ àlejò yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Bí ọmọ náà bá jẹ́ akọ, tó sì dàgbà, orin alágbàtọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ. Orin ẹyẹ dúdú yìí ló tọ́ka Robert Payne, onímọ̀ nípa ẹyẹ, sí ẹyẹ pupa náà, tó fi kéde rẹ̀ ní 1998 gẹ́gẹ́ bí irú ọ̀tọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bá mi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, mo bú ọmọ kan ní kíláàsì mi títí ó fi sunkún. Èébú yẹn gan-an ni ọ̀gá kan máa ń bú mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Mo gbọ́ ọ títí ó fi di orin tèmi.

Kí la rí kọ́?

1. Ohun tí etí wa ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni ẹnu wa yóò sọ. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. (Kí Bingo má bínú.)

2. Ẹyẹ yẹn kò yan ìtẹ́ tí wọ́n yé e sí, ṣùgbọ́n àwa lè yan ẹni tí a ó máa fetí sí. Jésù ní àwọn àgùntàn mọ ohùn olùṣọ́ wọn. Kò sí bí a ṣe lè mọ ohùn tí a kì í dúró gbọ́.

3. Orin wa ń tọ́ka sí ẹni tó tọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, tàbí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kì í ṣí Bíbélì, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ wa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì, torí níwájú wọn ni mo ti bú u. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́.

Fún àṣàrò: Ọ̀rọ̀ wo ló máa ń jáde lẹ́nu yín bí inú bá ń bí yín? Lẹ́nu ta lẹ ti kọ́ ọ?

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ títí yóò fi di orin mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.