Kí Ọkàn Le, Kí Ojú Àánú Má Fọ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìwọ náà mọ ohun tí ojú ń rí. Owó ọkọ̀ láti Isundunrin dé Èjìgbò kì í ṣe ohun àmúṣeré mọ́. Ẹni tí ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ wà ní Àbíjàn, gbogbo ẹbí ló ń fojú sọ́nà fún owó sefa tó bá wọlé.

Nírú àkókò báyìí, àwọn kan á kọ ẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn, wọn ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Àwọn mìíràn á máa fún gbogbo ayé títí ọwọ́ wọn á fi ṣófo, wọ́n á wá máa sunkún lóru.

Èmi ò fẹ́ ṣe bíi wọn. Mo fẹ́ kí ọkàn mi le, kí àánú má sì tán lójú mi. Àṣàrò ló ń bá mi ṣe é. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, kò sì dí ẹni lọ́wọ́ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Wá gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é.

1. Jí ṣáájú agbo ilé

Wá àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa pè ọ́. Tí o bá kírun àsùbáà tán, má tíì dìde lórí ẹní. Tí àdúrà òwúrọ̀ lẹ ń gbà nílé tìrẹ, jókòó ṣáájú kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Àpótí ìdáná tó, kò dìgbà tó o bá ní àga olówó ńlá.

Fóònù ńkọ́? Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ nínú yàrá. Mo mọ ara mi: tí mo bá fi lè rí iná rẹ̀ tó tàn, àṣàrò ti parí nìyẹn.

2. Jẹ́ kí èémí rẹ falẹ̀

Mí sínú láti imú, kí o ka ení, èjì títí dé ẹẹ́rin. Mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o kà á dé ẹẹ́fà. Tí èémí tó ń jáde bá pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, àyà tó ń já pàà á rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Tí ìkà kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré lo máa mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi nínú: ní 2001, dókítà ará Ítálì kan, Luciano Bernardi, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní BMJ. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń fi èdè Látìn ka rósárì ń mí ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni nígbà tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ àṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Nítorí náà, tó bá jẹ́ rósárì tàbí tẹ̀sùbáà ló mọ́ ọ lára, mú un dání. Ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣe ò ju kí o má kánjú kà á.

3. Pe ẹ̀rù rẹ lórúkọ

Tí ara bá ti balẹ̀, fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí o na ẹ̀yìn rẹ. Wá sọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù sínú ara rẹ, láì fi dárà: "Owó ilé ìwé ọmọ kò tíì pé." "Ara ìyá mi ò yá." Má wá ojútùú sí i lójú ẹsẹ̀. Jókòó tì í, kí o mí.

Agbára inú bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ẹni tó bá lè wo ìṣòro rẹ̀ lójú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ní máa sá fún un láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

4. Wá fi ire ránṣẹ́

Ara rẹ ni kí o kọ́kọ́ ṣàánú. Sọ pé: "Kí n rí jẹ. Kí ara mi balẹ̀." Lẹ́yìn náà, rántí ẹnì kan tí o fẹ́ràn: "Kí ìwọ náà rí jẹ. Kí ara rẹ balẹ̀." Tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹni tí o kàn ń rí lọ́nà, bí ọlọ́kadà tó gbé ọ lánàá. Ẹni tó bí ọ nínú ni kó kẹ́yìn.

Ti ẹni ìkẹyìn yìí kì í rọrùn, ẹ̀rín ara mi ló máa ń pa mí nígbà mìíràn. Tí ẹnu rẹ kò bá gbà á lónìí, fò ó. Ó di ọ̀la.

5. Má gbàgbé ìtàn Ògìyán

Ní agbègbè wa níbí, ta ni kò mọ ọdún Òrìṣà Ògìyán ní Èjìgbò? Òrìṣà funfun ni, síbẹ̀ jagunjagun ni. Ní Brazil tí wọ́n ti ń pè é ní Oxaguian, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ fún un, wọ́n á tún fi idà àti ọmọ odó sí i lọ́wọ́.

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúmbí nígbà tó di babaláwo, kọ ìtàn ọdún yẹn sílẹ̀. Ó ní babaláwo kan, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọba Èjìgbò, lọ sájò. Nígbà tó dé, ó fi orúkọ ìnagijẹ ọba, ìyẹn Ògìyán, béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàfin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé ó rí ọba fín ni, wọ́n nà án, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Inú bí babaláwo. Ọdún méje gbáko, òjò kò rọ̀, obìnrin kò bímọ.

Ìgbà tí ọba mọ ohun tó fà á, ó ní kí wọ́n tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Babaláwo fi ìbínú wọ inú igbó lọ, ọba fúnra rẹ̀ ló sì lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Babaláwo gbà láti dárí jì í, àmọ́ ó ní ohun kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe: lọ́dọọdún, kí àwọn ará ìlú máa fi pàṣán na ara wọn. Ìdí nìyẹn tí Òkè Mápó àti Ìsàlẹ̀ Oṣòlò fi ń kojú ara wọn nígbà ọdún.

Àbúrò mi, wò ó dáadáa. Ọba ò kéré nítorí pé ó bẹ̀bẹ̀. Babaláwo dárí jì, síbẹ̀ kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àánú tó ní gbèdéke nìyẹn. Mo máa ń bi ara mi léèrè tí mo bá jókòó: kí ni mo lè gbójú fò, kí sì ni n kò ní gbà mọ́?

6. Gbé e lọ sójà

Tí ìbátan bá pè ọ́ lọ́sàn-án pé òun nílò owó, mí lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó fèsì. Sọ òótọ́ pẹ̀lú ohùn tútù: "Mo gbọ́ ẹ. Ó dùn mí. Ẹgbẹ̀rún méjì ni agbára mi ká." Má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, má sì jágbe. Tí o kò bá ní rárá, "mi ò ní in báyìí" náà kì í ṣe èébú.

7. Mọ ìgbà tó yẹ kí o ké sí èèyàn

Tí oorun bá kọ̀ láti wá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí oúnjẹ kò wọlé, tàbí tí ìrònú ikú ń wá, má fi àṣàrò nìkan bò ó mọ́ra. Sọ fún ẹni tí o fọkàn tán, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wíwá ìrànlọ́wọ́ wà lára agbára inú tí à ń sọ.

Ó yá, bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Tí o bá sùn lọ láàárín rẹ̀, má bínú sí ara rẹ, èmi náà ṣì máa ń tòògbé. Má fi bí o ṣe jókòó tó wọn ara rẹ o. Bí o bá ṣe dá ẹni tó kọ́kọ́ múnú bí ọ lóhùn lọ́sẹ̀ yìí ni kí o ṣọ́. Tí o bá sọ tẹnu rẹ láì bú u, tí o kò sì jẹ́ kó rẹ́ ọ jẹ, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.