Ẹ̀kọ́ Lórí Àìgbéyàwó Àwọn Àlùfáà Ìjọ Àgùdà

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé àti àwọn ọmọ ìjọ máa nbi wá léèrè: èéṣe tí àwọn Fada kì í fi í gbé ìyàwó? Àwọn kan nínú wa a máa fi ẹ̀rín ẹlẹ́yà dáhùn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò bá aládùúgbò rẹ̀ jiyàn, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí aládùúgbò nã gbàgbọ́.

Òfin ìjọ ni èyí. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí a kò lè yí padà. Àwọn Àgùdà tìkára wọn ni nwọ́n wí bẹ́ẹ̀. Peteru, ẹni tí nwọ́n kà sí Póòpù àkọ́kọ́, ní ìyá ìyàwó tí Olúwa wa mú lára dá (Marku 1:30-31). Ẹ ka 1 Korinti 9:5 pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn Bíṣọ́ọ̀pù pé jọ ní Elvira ní ilẹ̀ Spéìnì, ní nǹkan bí ọdún 305, nwọ́n pàṣẹ pé kí àlùfáà má ṣe bá aya rẹ̀ lò pọ̀ mọ́. Àṣẹ nã fi hàn pé àwọn àlùfáà ní aya! Fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ lẹ́hìn èyí ni a sì nrí àlùfáà tí ó ní aya àti ọmọ ní Yúróòpù. Póòpù Gregory keje bá wọn jà gidigidi láti ọdún 1074. Ní 1139 ni Ìgbìmọ̀ Lateran kejì wá sọ pé ìgbéyàwó àlùfáà kì í ṣe ìgbéyàwó rárá.

Nítorí kíni? Nwọ́n tọ́ka sí Matteu 19:12 àti 1 Korinti 7:32-33, pé kí ọkàn ìránṣẹ́ Ọlọ́run má ṣe pín sí méjì. Èyí jẹ́ èrò ọ̀wọ̀, àwa kò sì gàn án. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà: àwọn ọmọ àlùfáà njogún ilẹ̀ àti oyè ìjọ. Ẹni tí ó bá ti rí ìjà ilẹ̀ bàbá ní ìlú wa kò nílò àlàyé.

Ní Ìlà-oòrùn ọ̀ràn yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní Konstantinópù ní 692 gbà kí ẹni tí ó ti gbéyàwó di àlùfáà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Bíṣọ́ọ̀pù. Títí di òní, àwọn ìjọ Ìlà-oòrùn kan tí ó wà lábẹ́ Póòpù, gẹ́gẹ́ bí ti Ukraine àti ti àwọn Maronite, ní àlùfáà tí ó ní aya. Ní 2009 Póòpù Benedict kẹrìndínlógún ṣí ọ̀nà fún àwọn àlùfáà Anglican tí ó ní aya láti kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí nã, ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ lè ní aya kí ó sì jẹ́ Fada, nígbà tí ẹni tí a bí sínú Ìjọ Àgùdà níbẹ̀ kò lè ní in. Ó yani lẹ́nu.

Ní ti àwa, Cranmer ti gbé Margarete níyàwó ní 1532, kí a tó fi í jẹ Archbishop. Nígbà tí ó di 1549 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn àlùfáà láàyè. Bíṣọ́ọ̀pù Crowther wa ní aya, Susan, ọmọ rẹ̀ Dandeson sì di Archdeacon.

Àwọn kan a máa wí pé àìgbéyàwó ni ó nfa ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin láàrín àwọn àlùfáà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó kì í ṣe egbòogi fún irú ẹ̀dá tí ènìà jẹ́. Ìwé Katikísìmù wọn ti 1992 sọ pé ìwà nã lòdì sí òfin Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí a fi ọ̀wọ̀ àti àánú gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ nfà síbẹ̀. Ní 2005 Róòmù sọ pé kí a má ṣe gba ẹni tí ìfà nã bá jinlẹ̀ nínú rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà.

Ibi tí bàtà ti nta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni àìtó àlùfáà. Nínú igbó Amasóni ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn abúlé wà tí nwọ́n nretí oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, kí nwọ́n tó rí Ara Olúwa gbà. Ní oṣù October 2019, àwọn Bíṣọ́ọ̀pù ibẹ̀ dìbò ní Róòmù, 128 sí 41, pé kí a fi àwọn ọkùnrin oníwà rere tí ó ní ìdílé joyè àlùfáà fún irú abúlé bẹ́ẹ̀. Ní February 2020 Póòpù Francis fi ìwé rẹ̀ dáhùn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ̀bẹ̀ nã nínú rẹ̀.