Òkúta Ẹfun àti Ọjọ́ Orí Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àlejò Àbújá

Àlejò tí ó bá wá sí Àbújá láti wo òkúta ẹfun, ìyẹn òkúta tí ẹrẹ̀ àti ìkarahun inú òkun ìgbàanì dì, kò ní í rí i ní Aso Rock tàbí Zuma Rock, nítorí pé ooru abẹ́ ilẹ̀ ni ó bí àwọn òkúta wọ̀nyẹn, kì í ṣe omi. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà sí Utako, níbi tí oríléeṣẹ́ Nigerian Geological Survey Agency wà, àjọ ìjọba tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1919, kí ó sì béèrè máàpù tí ó fi irú òkúta agbègbè kọ̀ọ̀kan hàn.

Àwọn kan lè júwe Obajana ní ìpínlẹ̀ Kogí fún un, nítorí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀, ṣùgbọ́n mábù ni òkúta ibẹ̀, èyí tí ooru ti yí padà títí tí àmì ẹ̀dá inú rẹ̀ fi parẹ́. Gboko ní ìpínlẹ̀ Benue ni kí ó gbà lọ, ní ọ̀nà Keffi, Lafia àti Makurdi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí ó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń wa òkúta níbẹ̀.

Òkun wọ àfonífojì Benue, níbi tí Gboko wà, ní ohun tí ó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Lára ohun tí ó ń gbé inú irú òkun bẹ́ẹ̀ ni foraminífẹ́rà, ẹ̀dá tíntìntín tí ń kọ́ ìkarahun fún ara rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kò tó mìlímítà kan. Irú kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tí ó dé àti ìgbà tí ó run. Nítorí náà, bí irú méjì bá wà nínú ìpele kan, ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ wà láyé ni ìpele náà dì. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ń léfòó ni ó pọ̀ jù, òkun jíjìn ni ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣọ̀wọ́n, etíkun kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ìkarahun kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí, nítorí pé omi lè wọ́ ti àtijọ́ sínú ẹrẹ̀ tuntun.

Kí àlejò mú òkúta díẹ̀ láti ìpele kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ó kọ nọ́ńbà sí i kí ó tó mú òmíràn, nítorí òkúta tí a kò mọ ìpele rẹ̀ kò wúlò mọ́; ní yàrá ìwádìí ni a óò ti ha á títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó 0.03 mìlímítà, kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá lábẹ́ máíkíróskóòpù. Ẹni tí ó bá ń padà sí ilẹ̀ Yorùbá lè fi ti Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wé e: ọ̀nà kan náà ni a fi ń kà á, ṣùgbọ́n òkun tí ó tò ó sílẹ̀ kò tíì tó 66 mílíọ̀nù ọdún, irú foraminífẹ́rà inú rẹ̀ sì yàtọ̀.