Dáódù, Mélòó Lo Gbà?

Wọlé, jàre. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé oúnjẹ rẹ pamọ́, tí mò ń yọjú sí géètì, tí mi ò rí ọ. Láti Ṣàngótẹ̀dó sí Badore níbí, ṣé ìrìn-àjò ni? Ìyá rẹ ló wá sọ fún mi lórí fóònù pé o ò yege nínú ìdánwò prómóṣọ̀n, pé o ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, èmi lo wá ń sá fún!

Ó dáa. Mélòó lo gbà?

Má wolẹ̀. Mélòó lo gbà nínú ọgọ́rùn-ún? O ò mọ̀. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ pátákó, tìrẹ ò sí níbẹ̀, o yíjú padà, o lọ wọ mọ́tò. Ọdún mẹ́ta ni Òfin Iṣẹ́ Ọba ti ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó wà ní ìpele 7 sí 14 lò kí prómóṣọ̀n tó lè kàn án, o sì lò ó pé. Aago mẹ́rin ìdájí lò ń jí kí o lè kọjá lábẹ́ afárá Ajah kí ọ̀nà tó dí. Gbogbo ìyẹn, o fi sílẹ̀ nídìí pátákó?

O ní kọ̀ǹpútà tí o fi ń ṣe ìdánwò yẹn dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Nígbà tó máa padà, ìdáhùn tí o ti tẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, ọmọkùnrin tí agbaṣẹ́ṣe tó ṣètò ìdánwò náà gbé wá sì ní, "Ẹ má ṣèyọnu sà, ó ti wọlé." O gbà bẹ́ẹ̀. O ò bèèrè nọ́ńbà kọ̀ǹpútà, o ò ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, o ò mọ orúkọ rẹ̀. Ilé yìí kọ́ lo ti kọ́ ìyẹn. Gáàsì lásán, tí mo bá rán ọ níṣẹ́, o máa ń gba rìsíìtì bọ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé o fẹ́ lọ wá ẹni tó mọ agbaṣẹ́ṣe náà. Mo ti gbọ́, wọ́n ti dá iye owó fún ọ. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́! Tí o bá san án, tí wọ́n fi orúkọ rẹ kún un, ta ni wọ́n máa yọ? Àyè prómóṣọ̀n níye. Ẹnì kan tó ń jí láago mẹ́rin bíi tìrẹ ni wọ́n máa tì síta, ìwọ lo sì máa tì í.

Nígbà tí mo ń máàkì ìwé WAEC, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ máàkì ìwé kan kí gbogbo wa tó jókòó pọ̀. Àá gbé ètò ìdáhùn sáàárín, àá jọ jà lé e lórí títí ohùn wa á fi ṣọ̀kan: ìdáhùn báyìí, máàkì méjì, ìdáhùn báyìí, òdo. Ọ̀gá wa á tún fa díẹ̀ yọ nínú èyí tí mo ti ṣe, á tún un máàkì. Tí mo bá le jù tàbí tí mo dẹ̀ jù, ó ń dá a padà fún mi. Ojú máa ń tì mí, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ kan tí n ò mọ̀ rí ni ìtìjú yẹn ń gbà sílẹ̀. Tìrẹ yìí ńkọ́? Ta ló ṣe ètò ìdáhùn? Ta ló yẹ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe wò? Ṣé kí èsì tó jáde ni wọ́n ti pinnu iye máàkì tí èèyàn máa gbà tó fi yege, àbí lẹ́yìn tí wọ́n ti rí orúkọ?

O ní ọ́fíìsì yín sọ pé ọwọ́ àwọn ò sí níbẹ̀, pé agbaṣẹ́ṣe ló ṣe é. Wọn ò sọ òótọ́ fún ọ. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un, wọn ò gbé ẹ̀bi fún un. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, nígbà ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ Immigration, orí íntánẹ́ẹ̀tì agbaṣẹ́ṣe ni èèyàn tó lé ní 500,000 ti san ₦1,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ìdánwò náà ní Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin. Ta ni gbogbo ìlú kọjú sí? Mínísítà ni.

Ṣé o gbàgbé ti ìdánwò JAMB ọdún 2025 ni? Wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń da ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ padà, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò padà. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn bójú tó ẹ̀rọ fi àtúnṣe náà sí ọ̀nà kan, kò fi sí èyí tó ń gba ti Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ibùdó 157 ló kó sí i, 65 nínú wọn l'Ékòó wa níbí. Ọmọ 379,997! Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ń wo máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó rò pé òun lòun ya òpè. Àwọn ọmọ àti òbí kọ̀wé, wọ́n pariwo, wọ́n ní kí wọ́n tún un wò. Lọ́jọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, jáde síta, ó ní ọrùn òun ni ẹ̀bi wà, ó tọrọ àforíjì tomijétomijé. Kò ní kí wọ́n lọ bá agbaṣẹ́ṣe. Ká ní gbogbo wọn ti lọ dákẹ́ sílé bíi tìrẹ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí wọ́n má pè ọ́ ní olórí kunkun. Mi ò ní kí o bú ẹnikẹ́ni. Òfin tó fún aráàlú láṣẹ láti bèèrè ìwé ìjọba ti wà láti ọdún 2011. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fún ọ lésì. Òfin náà sì mú ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú tàbí tó ń ná owó ìlú, nítorí náà agbaṣẹ́ṣe yín wà nínú ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé o ò yege lóòótọ́. Tí wọ́n bá fi 38 hàn ọ́, a ó jọ ṣí ìwé Òfin Iṣẹ́ Ọba yẹn ní alaalẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, èmi ni màá máa bi ọ́ ní ìbéèrè.

Fa àga yẹn súnmọ́ tábìlì. Bébà nìyí, bírò nìyí. Kọ déètì, kọ nọ́ńbà ìdánwò rẹ. Kọ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yẹn sí i, àti ìlà tí o jókòó sí, kí o tó gbàgbé. Kí o wá bèèrè máàkì rẹ. Mò ń lọ gbé ọbẹ̀ ẹja rẹ kaná.