"Padà sí Síláìdì 6": Bí Ẹ Ṣe Lè Débẹ̀ Kíá

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òní lẹ fẹ́ dífẹ́ǹdì pírójẹ́ẹ̀tì yín ní yunifásítì. Ẹ ti dé síláìdì 20. Ni ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó jókòó níwájú bá ní: "Padà sí síláìdì 6. Báwo lo ṣe rí nọ́ńbà yẹn?"

Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì ọfà lẹ fi ń padà sẹ́yìn, wàhálà dé nìyẹn. Ká ní síláìdì kọ̀ọ̀kan ní ìlà 4 tó ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń padà, PowerPoint á máa yọ ìlà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan náà. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí síláìdì kan, síláìdì 14 lẹ sì fẹ́ kọjá. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ìgbà 70! Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ìdáhùn tẹ́ ẹ ti tò sọ́kàn lè ti fò lọ.

Bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì méjì péré ló tó: ẹ tẹ 6, kẹ́ ẹ sì tẹ Enter. Ó parí. Tó bá jẹ́ síláìdì 12, ẹ tẹ 1, ẹ tẹ 2, lẹ́yìn náà Enter. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ tẹ̀ kò ní hàn lójú ògiri, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tó kàn kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà àwọn síláìdì tó ṣe pàtàkì sínú bébà kékeré kan: 6, ọ̀nà ìwádìí, 11, àbájáde, 17, àbá.

Àwọn bọ́tìnnì míì tó wúlò lórí Windows nìyí:

- F5: ó ń bẹ̀rẹ̀ láti síláìdì àkọ́kọ́. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù kan, ẹ máa di Fn mú kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.
- Shift àti F5: ó ń bẹ̀rẹ̀ látorí síláìdì tẹ́ ẹ wà. Tí nǹkan bá ṣèèṣì pa síláìdì yín dé, òun ni kẹ́ ẹ sáré tẹ̀.
- B: ojú ògiri á ṣókùnkùn. Ẹ tún un tẹ̀, síláìdì á padà.
- Alt àti F5: ẹ̀yin á máa rí àkọsílẹ̀ yín àti síláìdì tó kàn.

Ẹ má fojú kéré B yẹn o. Ọ̀rọ̀ kíkà àti ọ̀rọ̀ gbígbọ́, èdè ni ọpọlọ ń tú nínú méjèèjì, kò sì rọrùn fún un láti tú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín dáadáa, ẹ kọ́kọ́ pa ohun tí wọ́n ń kà.

Rìmóòtù tí wọ́n fi ń yí síláìdì ńkọ́? Kò sí idán níbẹ̀. Igbi rédíò ló fi ń bá ike kékeré tẹ́ ẹ kì bọ ihò USB sọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà ka ike yẹn sí. Bẹ́ ẹ bá tẹ "síwájú", ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ránṣẹ́ ò ju Page Down lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ "sẹ́yìn", Page Up ni. Torí náà, tí bátìrì rìmóòtù bá kú lójú agbo, ẹ má ṣe dúró. Bọ́tìnnì kan náà wà lára láptọ́ọ̀pù yín.

Ọgbọ́n kan ṣì kù. Ẹ ṣe síláìdì fún àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ rò pé wọ́n lè bi yín, ẹ tò ó sẹ́yìn pátápátá, kẹ́ ẹ fi Hide Slide pa á mọ́. Kò ní yọjú fúnra ẹ̀. Àmọ́ tí ìbéèrè yẹn bá dé, ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀ àti Enter, ó ti yọ nìyẹn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lálẹ́ òní, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kan máa pe nọ́ńbà síláìdì bó ṣe wù ú, kẹ́ ẹ̀yin máa fò débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é títí tẹ́ ò wo kíbọ́ọ̀dù mọ́, ẹ ti ṣe tán.