Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Bí Ibì Kan Bá Bàjẹ́ Nínú Ìrántí Kọ̀ǹpútà



Nínú ẹgbẹ́ kan tí a lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, páàsìbúùkù ìyá kan fi hàn pé ₦50,000 ni ó ti fi pamọ́. Ìwé tí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ tẹ̀ jáde wí pé ₦10,000 ni. Àwọn kan ti ń fi ojú olè wo akọ̀wé. A yẹ rìsíìtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì rí i pé ọwọ́ akọ̀wé mọ́. Ìrántí kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣàìsàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe sí i.

1. Kí ni ìrántí kọ̀ǹpútà?

Kọ̀ǹpútà ní àpótí, ó sì ní tábìlì. Àpótí ni dísìkì, níbi tí ó ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Tábìlì ni ìrántí tí wọ́n ń pè ní RAM, níbi tí ó ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Bí iná bá lọ, ohun tí ó wà lórí tábìlì a pòórá. Àìmọye yàrá kéékèèké ni ó wà nínú ìrántí yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gbà ju 1 tàbí 0 lọ. Bí yàrá kan bá kú, ó lè máa wí pé 0 ni ó wà lọ́wọ́ òun, nígbà tí ó jẹ́ pé 1 ni a fi sí i.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ òǹkà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, 53 ni àmì tí ó dúró fún 5, 49 sì ni ti 1. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4, yàrá kan ṣoṣo ni ó sì gbé 4 yìí dání. Bí yàrá náà bá kú, 5 di 1, ₦50,000 di ₦10,000, láìsí olè níbẹ̀. Bí akọ̀wé bá sì fi iṣẹ́ náà pamọ́, àṣìṣe ti wọ inú dísìkì nìyẹn.

2. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò

Àmì àìsàn yìí ni pé kọ̀ǹpútà a máa dákú lójijì, fáìlì a máa bàjẹ́, òǹkà a sì máa yí padà. Ṣùgbọ́n ooru, eruku àti iná tí kò dúró déédéé lè fa irú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣe àdàkọ ìwé ẹgbẹ́ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa àdàkọ àtijọ́ rẹ́, nítorí pé ó lè jẹ́ pé òun ni ó pé.

Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lo Memtest86+. Orí fúláàṣì ni èyí ti ń ṣiṣẹ́, kí Windows tàbí Linux tó jí, nítorí pé àwọn náà jókòó lórí apá kan ìrántí, wọn kò sì lè yẹ ibi tí wọ́n jókòó lé wò dáadáa. Memtest86+ yóò kọ àmì sí yàrá gbogbo, yóò sì kà á padà. Ibi tí èyí tí ó kà kò bá ti bá èyí tí ó kọ mu, yóò sọ àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é mọ́jú.

3. Ẹ ṣọgbà yí i ká

Àgbẹ̀ tí àpáta wà láàárín oko rẹ̀ kì í tìtorí rẹ̀ pa oko tì. Ó ń kọ ebè yí i ká ni. Báìtì 4,096 ni ojú ewé ìrántí kan sábà máa ń jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ó ní gígábáìtì 4 ní ojú ewé 1,048,576. Bí 10 bá bàjẹ́ nínú wọn, èyí tí ó kù ṣì lé ní mílíọ̀nù kan.

Lórí Linux, a lè kọ ibi tí ó bàjẹ́ sí ìlà GRUB_BADRAM nínú fáìlì /etc/default/grub, tàbí kí a lo memmap. Lórí Windows, bcdedit ni a fi ń kọ ọ́ sínú badmemorylist. Nọ́ńbà ojú ewé ni Windows ń fẹ́, nítorí náà kí a kọ́kọ́ pín àdírẹ́sì sí ọ̀nà 4,096. Bí kọ̀ǹpútà bá tún jí, kò ní tẹ́ iṣẹ́ síbẹ̀ mọ́.

4. Ohun tí ọgbà kò lè ṣe

Ọgbà kì í wo àìsàn sàn. Bí ibi tí ó bàjẹ́ bá ń pọ̀ sí i, ẹ ra ìrántí tuntun. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ ra kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ béèrè èyí tí ó ní ìrántí ECC, nítorí pé ó lè tún àṣìṣe yàrá kan ṣe fúnra rẹ̀.

Ọgbà kò sì lè tún òǹkà tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Páàsìbúùkù àti rìsíìtì nìkan ni ó lè ṣe ìyẹn. Ẹgbẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kó páàsìbúùkù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ, wọ́n fi wé lẹ́jà, ₦50,000 ìyá náà sì pé padà. Níwájú ìpàdé ni wọ́n ti bẹ akọ̀wé.

Ìbéèrè fún ìpàdé yín:
(a) Ta ni páàsìbúùkù rẹ̀ kò tíì bá ìwé ẹgbẹ́ mu lọ́dún yìí?
(b) Níbo ni àdàkọ ìwé ẹgbẹ́ wa wà, ta ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀?
(d) Ìgbà wo ni a dán ìrántí kọ̀ǹpútà wa wò kẹ́yìn?

Ẹ má ṣe sọ páàsìbúùkù yín nù o. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.